Ọkọ̀ Tí Ikùn Rẹ̀ Kò Jìnnà Sílẹ̀: Ọ̀nà Hótóró àti Ìbò Wọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ni ìpàdé yìí wà fún, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kékeré ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe sí àdúgbò kan, kí ó má ṣe lọ wo pátákó tí àwọn òṣèlú rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wo abẹ́ ọkọ̀ kékeré tí ó ti lo ọdún kan ní àdúgbò náà. Ohun tí ọ̀nà bá ṣe, abẹ́ ọkọ̀ kì í fi í pamọ́.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Hótóró ni ó fi ọdún púpọ̀ dá èsúsú kí wọ́n tó lè ra ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Toyota Corolla ni, tàbí Volkswagen Golf, tàbí Honda Civic, tàbí Kia Picanto. Tòkunbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn, èyí tí ará Yúróòpù tàbí ará Amẹ́ríkà ti lò kí ó tó gba orí òkun dé Èkó tàbí Kútọnu. Ọkọ̀ kan náà yìí ni ó ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé ní òwúrọ̀. Òun ni ó ń gbé ọjà lọ sí Sábọ́ngàrí. Òun ni ó ń gbé ìdílé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Òun náà ni yóò sì gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn bí ọ̀ràn bá dé ní òru. Nítorí náà, ohun tí ó bá ń jẹ ikùn ọkọ̀ náà, oúnjẹ ìdílé ni ó ń jẹ.

Kí ni ó ń jẹ ẹ́? Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ máa ń wọn àlàfo tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti ohun tí ó rẹlẹ̀ jù lọ lábẹ́ ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, àlàfo yìí wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 13 sí 17. Kò tó gígùn ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Ti ọkọ̀ bíi Toyota Hilux lé ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti ọkọ̀ tí kò gbé ẹrù. Nígbà tí bàbá bá jókòó síwájú, tí ìyá jókòó tì í, tí ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn, tí àpò ìrẹsì kan sì wà nínú búùtù, sípíríǹgì á wálẹ̀, àlàfo náà á sì dín sí i. Bí sípíríǹgì bá ti gbó, tí afẹ́fẹ́ táyà kò sì pé, èyí tí ó kù á tún dín. Ọkọ̀ tí ó la àdúgbò kọjá láìfara kan ilẹ̀ ní àárọ̀ nígbà tí awakọ̀ nìkan wà nínú rẹ̀ lè fi ikùn họ ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá wọ̀ ọ́.

Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ẹni tí ó ṣe ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ máa ń dúró gírígírí ní kọ́nà, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ lórí eré, kì í sì í jẹ epo púpọ̀. Títì tí ó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Oníkálukú ni ó ń wo ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó ṣe ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí iléeṣẹ́ Citroën gbìmọ̀ láti ṣe ọkọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ọkọ̀ náà lè la oko tí wọ́n ti tú ilẹ̀ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbọ̀n ẹyin nínú rẹ̀, kí ẹyin kankan má sì fọ́. Ọkọ̀ náà ni 2CV, tí wọ́n fi han aráyé ní Paris ní ọdún 1948. Ní ọdún 1959 àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe Mini ní tiwọn, wíìlì rẹ̀ kò ju íǹṣì 10 lọ. Àwọn àgbà tí ó wà níbí sì rántí Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní ìjàpá, èyí tí iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní ọdún 1975, ọdún kan náà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti Kàdúná. Ìjàpá kò ga, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ tí òkúta lè gún. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ àti ọ̀nà jọ ń rìn ni. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ẹlòmíràn, ó di dandan kí ó béèrè bí ọ̀nà tirẹ̀ ṣe rí, àti ẹni tí ó yẹ kí ó tún un ṣe.

Nínú àwọn òpópónà inú àdúgbò, ohun mẹ́ta ni ó ń bá ikùn ọkọ̀ kékeré jà. Èkínní ni bọ́ǹpù. Èkejì ni ibi tí gọ́tà ti dábùú òpópónà, àti etí títì ọ̀dà tí ó ga ju ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni kòtò tí omi òjò ti bò. Òjò Kánò kò pẹ́ nílẹ̀ bíi ti Ìbàdàn tàbí Èkó. Láti nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni ó máa ń rọ̀, oṣù Kẹjọ ni ó sì máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé, a máa dà wìì ní wákàtí kan, ilẹ̀ iyanrìn á ṣí lọ, ibi tí ó tẹ́jú lánàá á sì di ihò lónìí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù gba sùúrù, nítorí pé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Àwọn tí wọ́n mọ bọ́ǹpù sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn kò ṣe é láti ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́. Wọ́n ti rí i tí alùpùpù àti ọkọ̀ akérò ń sáré kọjá níbi tí ọmọ kékeré ti ń ṣeré. Àjọ ìlera àgbáyé pàápàá gbà pé níbi tí ènìyàn àti ọkọ̀ bá ti jọ ń lo ọ̀nà kan náà, eré ọkọ̀ kò yẹ kí ó ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n wó gbogbo bọ́ǹpù nítorí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ rẹ̀, ó ti fi irin ṣáájú ẹ̀mí ọmọ.

Ṣùgbọ́n bọ́ǹpù yàtọ̀ sí bọ́ǹpù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1999 lórí bọ́ǹpù sọ pé gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ dín sí sẹ̀ǹtímítà 90. Ṣáájú ìgbà náà, ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìjọba wọn ti dán oríṣiríṣi bọ́ǹpù wò. Wọ́n rí i pé èyí tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, tí ó sì rọra dìde bí ẹ̀yìn ìgbá, máa ń mú kí awakọ̀ dẹ eré rẹ̀ láìpa ọkọ̀ lára. Òkìtì kúkúrú tí ó dúró ṣánṣán bí ògiri, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti òkúta mọ ní ọjọ́ kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí táyà iwájú bá ti gun un tán, a já wálẹ̀ gbì lódì kejì, sípíríǹgì á wọlé, ikùn ọkọ̀ á sì gbá orí òkìtì náà. Alùpùpù ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà kọjá lórí eré. Bọ́ǹpù tí kò dára a máa fìyà jẹ ẹni tí ń rọra lọ, a sì máa jẹ́ kí ẹni tí ń sáré máa sáré. Nítorí náà, kì í ṣe ìjà onímọ́tò àti òbí ọmọ. Ìwọ̀n ni ó sọnù, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìwọ̀n wá ni kò sì wá.

Kí ẹni náà tó dé, onímọ́tò kò lè jókòó kí ó máa wòran. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí awakọ̀ tẹ bíréèkì kí ó tó dé bọ́ǹpù, kí ó sì tú u sílẹ̀ nígbà tí táyà iwájú bá ń gun òkè, nítorí pé bíréèkì a máa tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ ní àkókò gan-an tí ó yẹ kí imú náà ga. Bí àyè bá wà tí ọkọ̀ mìíràn kò sì bọ̀, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún, kí táyà kọ̀ọ̀kan máa gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrù bá pọ̀, kí àwọn tí ara wọ́n le sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn kọjá; kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó sì dín owó wẹ́dà kù. Níbi tí òkúta tàbí ihò bá wà láàárín ọ̀nà, kí ó fi táyà gun ibi gíga, kí ó má ṣe fi ibi gíga sí àárín táyà méjèèjì. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn: ojú awakọ̀ ń ṣọ́ táyà, ó gbàgbé pé ikùn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ti omi le ju ti bọ́ǹpù lọ. Omi tí awakọ̀ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó má wọ̀ ọ́. Lára ọkọ̀ tí kò ga, ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ kò jìnnà sílẹ̀. Bí ó bá fa omi dípò afẹ́fẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀. Omi tí ń ṣàn tí kò ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ lè gbé ọkọ̀ kékeré kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò yẹ kí gbogbo òpópónà máa dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ jìn. Ẹ fi igi tí ẹ so aṣọ pupa mọ́ sí etí kòtò kí òjò tó bò ó.

Ní òwúrọ̀, kí onímọ́tò wo ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ sùn. Bí ó bá rí ọ́ìlì níbẹ̀, kí ó má ṣe wa ọkọ̀ náà jáde kí mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwo ọ́ìlì tí ó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbá ilẹ̀. Bí ó bá dá ihò tí ọ́ìlì sì jò tán, ẹ́ńjìnnì á kú pátápátá. Àtúnṣe ihò kékeré di ọ̀rọ̀ ríra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Àwọn mẹkáníìkì ní oògùn tiwọn, ó sì yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí ó ń rà. Páànù irin tí wẹ́dà ń fi bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì dára gidigidi, bí ó bá nípọn tó, tí wọ́n sì dá ihò sí i fún títú ọ́ìlì àti fún afẹ́fẹ́. Sípíríǹgì tuntun tí ó bá ọkọ̀ náà mu yóò dá gíga tí ọkọ̀ ti pàdánù padà fún un. Rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ àárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga sí i jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ó lè gbé ikùn sókè díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ kì í dúró dáadáa ní kọ́nà mọ́, irin tí ń yí táyà iwájú á máa tẹ̀, á sì tètè jẹ. Táyà tí ó tóbi ju ti ọkọ̀ lọ lè máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá yí ọwọ́. Ẹni tí ń sáré lọ sí Wúdìl tàbí Ṣáríà pẹ̀lú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti gba ewu òpópónà fún ewu títì ńlá. Gbogbo oògùn wọ̀nyí ní ààlà: onímọ́tò kan lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, kò lè gbé òpópónà kankan.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Iṣẹ́ kan wà tí òpópónà lè ṣe fún ara rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Gọ́tà tí omi rẹ̀ ń kún wá sí ojú ọ̀nà, ìdọ̀tí àti ọ̀rá omi mímu ni ó sábà máa ń dí i. Àwọn ará àdúgbò ni ó sì dà á síbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ayálégbé dá ọjọ́ kan kí òjò oṣù Kẹfà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kó o jáde, kí wọ́n sì kó èyí tí wọ́n kó jáde lọ, kí òjò má baà gbá a padà sínú rẹ̀. Kí wọ́n lọ bá Mai Unguwa kí iṣẹ́ náà lè jẹ́ ti gbogbo àdúgbò. Ọ̀nà tí ó bàjẹ́ kò mọ Yorùbá yàtọ̀ sí Hausa; ohun tí ó ń họ ikùn Corolla náà ni ó ń fọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Kánò ń pè ní A Daidaita Sahu. Ẹni tí ó bá dá nìkan lọ fẹjọ́ sùn nípa ọ̀nà, wọn yóò pè é ní àlejò tí ń ráhùn. Bí òun àti aládùúgbò rẹ̀ bá jọ lọ, ará wọ́ọ̀dù ni wọ́n.

Nígbà tí òpópónà bá ti ṣe tirẹ̀, ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni ó ni ọ̀nà? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹnu ọ̀nà kàn. Ọ̀nà Màídúgùrí tí ó gba ẹ̀bá Hótóró kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn títì ńlá mìíràn nínú ìgboro jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n òpópónà tí ó já sí ẹnu ilé, ibi tí bọ́ǹpù, gọ́tà àti kòtò wọ̀nyí wà gan-an, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Kì í ṣe ojú àánú. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì dárúkọ ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà, òpópónà, iná òpópónà àti gọ́tà. Nínú gbogbo ọ̀nà tí ó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù. Wọ́n á tò láti àárọ̀ dé alẹ́ nítorí ààrẹ, tí kò ní rí òpópónà wọn láéláé, wọ́n á sì sùn sílé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan káńsẹ́lọ̀ tí ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ní Hótóró, ọ̀rọ̀ náà tún ní kókó kan tí ó yẹ kí gbogbo olùdìbò mọ̀. Hótóró kì í ṣe wọ́ọ̀dù kan. Hótóró Àríwá àti Hótóró Gúúsù wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Nassarawa. Wọ́ọ̀dù Hótóró NNPC sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Tarauni. Àwọn tí ń gbé Sábọ́ngàrí wà lábẹ́ Fagge. Ìjọba ìbílẹ̀ 44 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ Kánò, wọ́ọ̀dù 484 ni ó sì wà nínú wọn. Nítorí náà, ènìyàn méjì lè máa ṣàròyé nípa kòtò méjì tí kò jìnnà síra wọn, kí ẹjọ́ ọ̀kan jẹ́ ti Nassarawa, kí ti èkejì jẹ́ ti Tarauni. Ìwé ẹ̀sùn tí ó bá lọ sí sẹkitéríàtì tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ wọ́ọ̀dù tí òpópónà rẹ̀ wà kí ó tó mọ ẹni tí yóò dìbò fún.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Kò sí owó lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, gómìnà ni ó ń gbà á." Àwáwí yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn nìkan ni ó yẹ kí ó ṣe àkóso rẹ̀. Ìdájọ́ nìkan kò tún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n ó fún olùdìbò ní ẹnu láti béèrè. Alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá ní òun kò rí owó gbà, kí ó wá sọ ọ́ ní gbangba.

Ẹlòmíràn yóò tún ní, "Yorùbá ni wá, a kì í ṣe ọmọ ibí. Ilé ni a ti ń dìbò." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń ṣe àwọn Yorùbá Kánò níbi jù. Láti ìgbà tí reluwé ti dé Kánò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn ti ń gbé ìlú yìí. Wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀. Ibi tí a ń gbé là ń ṣe. Ìwé òfin 1999 kò sì béèrè ibi tí bàbá olùdìbò ti wá. Apá 77 rẹ̀ sọ pé ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọdún 18, tí ó sì ń gbé ní Nàìjíríà ní àkókò ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò. Apá 42 sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ẹ̀yà tàbí ibi tí ènìyàn ti wá rẹ́ ọmọ Nàìjíríà jẹ.

Káàdì ìdìbò tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè yan káńsẹ́lọ̀ Hótóró. Ní ọjọ́ ìbò, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé tí ó sì ń ta ọjà ní Kánò, kò lè dìbò níbẹ̀, kò lè dìbò níbí. Ohun tí òfin fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ni pé kí ó lọ bá àjọ INEC kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ibùdó ìdìbò tí ó súnmọ́ ilé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kò yẹ kí ó dúró de ìgbà tí ìbò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, nítorí pé ààyè ìgbé-orúkọ-káàkiri máa ń tì kí ìbò tó dé. Àjọ KANSIEC ti ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe ìbò ìjọba ìbílẹ̀, bí ó ti ṣe é ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ṣùgbọ́n inú ìwé orúkọ INEC ni ó ti ń mú orúkọ olùdìbò. Ẹni tí kò bá sí nínú èkínní, kò sí nínú èkejì.

Ìwé ìròyìn yìí kò yan ẹgbẹ́ òṣèlú kankan fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùdíje bá wá kí àwùjọ Yorùbá, tí wọ́n wọ fìlà abetí ajá láti fi mú inú àwọn àgbà dùn, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí wọ́n bá pàdé. Èkínní: àwọn òpópónà wo ni ó wà nínú wọ́ọ̀dù yìí, èwo nínú wọn sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò tíì rìn ín. Èkejì: gọ́tà tí olùdíje fẹ́ gbẹ́, ibo ni omi rẹ̀ yóò ṣàn lọ? Gọ́tà tí kò ní ibi tí yóò tú omi sí, ilé ẹ̀fọn lásán ni. Ẹ̀kẹta: ṣé yóò fi bọ́ǹpù tí ó ní ìwọ̀n, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun kí awakọ̀ lè rí i ní òru, rọ́pò àwọn òkìtì tí aráàlú mọ fúnra wọn, kí ọmọ má baà kú, kí ọkọ̀ má sì fọ́? Ẹ̀kẹrin: ọjọ́ wo ni yóò padà wá sọ iye tí wọ́n ná àti ibi tí wọ́n ná an sí? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Ìlérí tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kì í rọrùn láti gbàgbé bíi ti ẹnu.

Ọkọ̀ kékeré kò béèrè títì olówó ńlá. Ohun tí ó ń béèrè kò ju pé kí ilẹ̀ tẹ́jú, kí omi rí ibi gbà, kí bọ́ǹpù ní ìwọ̀n. Ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń béèrè náà nìyẹn, òun ni oníkẹ̀kẹ́ ń béèrè, òun ni ìyá tí ó gbé igbá karí ń béèrè, òun sì ni aláboyún tí wọ́n ń gbé lọ ní òru kò lè ṣe aláìní. Onímọ́tò tí ó ń san owó wẹ́dà lóṣooṣù ti ń san owó orí ọ̀nà tí kò dára. Ó kàn jẹ́ pé ìjọba kọ́ ni ó ń san án fún. Kí ó tó san ti oṣù tí ń bọ̀, kí ó mú káàdì ìdìbò rẹ̀ jáde, kí ó wo àdírẹ́sì tí ó wà lára rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ibi tí ó ń gbé, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.